Ọjọ́ Mélòó Ni Ó Tó fún Lisbon?

Nínú gbogbo ìpinnu tí arìnrìnàjò ń ṣe kí ó tó gbéra lọ sí ìlú kan ní Yúróòpù, iye ọjọ́ tí yóò lò níbẹ̀ ni kì í sábà ronú lé lórí pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ó ń darí gbogbo ìpinnu yòókù, láti orí owó ilé ìtura títí dé orí ohun tí ojú yóò rí àti ohun tí ọkàn yóò gbà nínú ohun tí ojú rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ́ kí ìsinmi tí ibi iṣẹ́ fún wọn, tàbí ọjọ́ tí owó bàálù wálẹ̀, pinnu fún wọn. Àwọn mìíràn a ka orúkọ àwọn ibi tí ó lókìkí nínú ìlú náà, wọn a pín in sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, wọn a sì gbà pé ìṣirò ti parí. Lisbon, olú-ìlú Pọ́túgàl, jẹ́ ìlú tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ti máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé ó kéré lórí àwòrán ilẹ̀, àwọn ibi tí ó lókìkí níbẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti Paris tàbí Róòmù, ṣùgbọ́n ìtàn tí ó wà lábẹ́ òkúta títì rẹ̀ jìn, apá kan nínú ìtàn náà sì kan ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n.

Fún ẹni tí ó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, orí ìwé ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Físà Schengen ni àṣẹ ìwọlé kan ṣoṣo tí orílẹ̀-èdè 29 ní Yúróòpù jọ ń tẹ́wọ́ gbà, ẹni tí ó bá sì gba ti ìbẹ̀wò kúkúrú kò gbọdọ̀ lò ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́ èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n iye ọjọ́ tí wọn yóò kọ sórí físà náà lè kéré sí èyí lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí pé ètò ìrìnàjò tí olùbéèrè fúnra rẹ̀ mú wá ni wọn yóò gbé yẹ̀ wò, pẹ̀lú ẹ̀rí ibi tí yóò sùn, owó tí yóò ná, àti ìwé adójútòfò ìlera tí kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 owó yúrò. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fiyè sí ni pé ọjọ́ tí ènìyàn wọlé jẹ́ odindi ọjọ́ kan nínú ìṣirò òfin, ọjọ́ tí ó jáde sì jẹ́ odindi ọjọ́ kan pẹ̀lú, ìbáà jẹ́ pé agogo mọ́kànlá alẹ́ ni bàálù rẹ̀ balẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ni ó gbéra padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ sun òru márùn-ún ní Lisbon ń tọrọ ọjọ́ mẹ́fà, ó sì yẹ kí ó mọ èyí kí ó tó fi ọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Ìlànà mìíràn tún wà tí ó jẹ́ kí pípín ọjọ́ láàárín ìlú di ọ̀rọ̀ pàtàkì. Òfin Schengen sọ pé ọ̀dọ̀ orílẹ̀-èdè tí arìnrìnàjò yóò ti pẹ́ jù lọ ni kí ó ti béèrè físà, bí ọjọ́ bá sì dọ́gba, kí ó lọ sí ọ̀dọ̀ èyí tí yóò kọ́kọ́ gbà wọlé. Nítorí náà, ẹni tí ó ń gbèrò láti rí Paris àti Lisbon nínú ìrìnàjò kan gbọ́dọ̀ ti mọ̀ bóyá mẹ́rin ni ti Lisbon tí mẹ́ta sì jẹ́ ti Paris, tí yóò fi kọrí sí ọ̀dọ̀ àwọn aṣojú Pọ́túgàl, tàbí ìdàkejì rẹ̀, tí yóò fi kọrí sí ọ̀dọ̀ àwọn aṣojú Faransé. Ìwé ìbéèrè náà gbọ́dọ̀ ti wọlé ó pẹ́ tán ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìnàjò, ẹni tí ó bá sì gbọ́n a tètè ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpinnu tí àwọn àlejò láti orílẹ̀-èdè mìíràn lè dá dúró títí wọn yóò fi dé ojúde Rossio ní àárín Lisbon ni ará Èkó tàbí ará Ìbàdàn ń ṣe ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, láìtíì rí ìlú náà rí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ó mọ ohun tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbé.

Ọjọ́ tí òfin ń kà yàtọ̀ sí ọjọ́ gidi. Ọjọ́ gidi, bí a ti lò ó nínú àròkọ yìí, ni àkókò tí arìnrìnàjò wà lójúfò, tí ara rẹ̀ le, tí ilẹ̀ mọ́, tí ibi tí ó fẹ́ wò sì ṣí sílẹ̀. Òru márùn-ún ń mú ọjọ́ gidi mẹ́rin jáde, nítorí pé ọjọ́ ìwọlé àti ọjọ́ ìjáde a máa bá àpótí, ìlà àyẹ̀wò àti ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ojúmọ́ ilẹ̀ Yorùbá, tí ó máa ń tó nǹkan bí wákàtí 12 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, kò kọ́ ènìyàn láti máa béèrè bí ojúmọ́ ṣe gùn tó níbi tí ó ń lọ. Ní Lisbon, ojúmọ́ a gùn tó nǹkan bí wákàtí 15 nínú oṣù Kẹfà, tí oòrùn kì í wọ̀ títí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá. Nínú oṣù Kejìlá, kò ju nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án àbọ̀ lọ, ilẹ̀ sì ti ń ṣú lẹ́yìn agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nínú oṣù Kẹfà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọjọ́ márùn-ún nínú oṣù Kejìlá. Òótọ́ ni pé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í dúró de oòrùn kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n orí òkè, etí odò àti ojú títì, níbi tí ẹwà Lisbon pọ̀ sí jù, kò ní ilẹ̀kùn. Àǹfààní kan wà tí ó tọ́ sí arìnrìnàjò láti Nàìjíríà: agogo Lisbon àti ti Nàìjíríà bá ara mu ní ìgbà ooru, ní ìgbà òtútù sì ni Lisbon fi wákàtí kan ṣoṣo wà lẹ́yìn, tí kò fi sí pé ara ń sùn nígbà tí ojú ń ṣí, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe ẹni tí ó bá lọ sí Amẹ́ríkà.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran, ọjọ́ àkọ́kọ́ ní Lisbon sì ni òwe yìí máa ń ṣẹ. Ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ojúde Rossio dé etí odò Tejo láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyí sì ń mú kí àlejò rò pé gbogbo ìlú náà rọrùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú olókè ni Lisbon. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ pé orí òkè méje ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí, òkúta kéékèèké funfun àti dúdú tí wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní calçada, a sì máa yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Ohun tí ó jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú àwòrán ilẹ̀ lè jẹ́ àtẹ̀gùn ọgọ́rùn-ún lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá mú òbí àgbàlagbà tàbí ọmọdé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ kan kún ohun tí ọ̀dọ́ tí ó ń dá rìn nílò, kí ó sì máa jókòó ní àwọn ibi tí wọ́n ń pè ní miradouro, ìyẹn pẹpẹ gbangba tí wọ́n ṣe sórí òkè kí ènìyàn lè wo ìlú nísàlẹ̀. Ti Senhora do Monte ga, ó sì gbòòrò lójú; kò sí owó ìwọlé níbẹ̀, wákàtí kan tí ènìyàn bá fi jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sì ń fi ètò gbogbo ìlú hàn án, níbi tí ilé olódi wà, ibi tí odò ti fẹ̀ bí òkun, àti ibi tí afárá pupa tí wọ́n ṣí ní 1966 ti gba orí omi kọjá, afárá tí orúkọ rẹ̀ ń ránni létí ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1974, nígbà tí àwọn ọmọ ogun fi òpin sí ìjọba àfipáṣe Pọ́túgàl.

Àwọn mìíràn gbà pé trámù 28, ọkọ̀ oníná kékeré aláwọ̀ ìyeyè tí ń rìn lórí irin tí wọ́n tẹ́ sáàárín títì láti Martim Moniz dé Campo de Ourique, lè dá gbogbo ìlú wò fún wọn láàárín wákàtí kan. Ojú ọ̀nà rẹ̀ dára, kò sì sí ìdí tí ènìyàn kò fi ní wọ̀ ọ́ ní kùtùkùtù. Àmọ́ ní ọ̀sán ìgbà ooru, ìlà àwọn tí ń dúró dè é lè jẹ wákàtí tí ó pọ̀ nínú ọjọ́ gidi, àwọn ìyá àgbà tí ń gbé Graça àti Alfama, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ wọn ni ní tòótọ́, a sì máa dúró lórí ẹsẹ̀ pẹ̀lú àpò ọjà lọ́wọ́. Ohun tí ó yẹ ni kí àlejò jẹ́ kí wọ́n rí àyè jókòó.

Baixa, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ ìlú tí ó wà láàárín òkè méjì, ni ó fi hàn jù lọ pé kíka ibi tí ó lókìkí kò lè pinnu iye ọjọ́. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ yóò rí títì tí ó tọ́ bí ìlà, ilé tí ó ga dọ́gba, àti ṣọ́ọ̀bù, yóò sì jáde síbi odò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1755, tí ó jẹ́ àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì kún fún ènìyàn lówùúrọ̀, ilẹ̀ mì, ilé wó, omi odò fà sẹ́yìn kí ó tó padà wá pẹ̀lú ìgbì ńlá, iná tí ó ti ara àbẹ́là àti ààrò jáde sì jó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kú. Ààfin ọba tí ó wà létí odò ṣòfò pẹ̀lú àwọn ìwé inú rẹ̀, ilé eré orin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lọ́dún náà gan-an sì bá a lọ. Sebastião José de Carvalho e Melo, mínísítà ọba tí gbogbo ayé padà wá mọ̀ sí Máákúísì Pombal, ni ó darí àtúnkọ́ ìlú náà. Òun àti àwọn ẹnjiníà ọmọ ogun tí Manuel da Maia ṣáájú wọn kò tún ọ̀nà wíwọ́ àtijọ́ là; wọ́n la títì tí ó gún, wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ sọ àwọn kan lórúkọ, irú bí títì àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, ti fàdákà, àti ti àwọn tí ń ṣe bàtà, wọ́n sì fi pákó kọ́ egungun sínú ògiri ilé. Gaiola ni wọ́n ń pe egungun pákó yìí: igi ìdúró, igi ìdábùú àti igi tí ó gba igun dé igun, tí wọ́n so pọ̀ kí ó lè tẹ̀ bí ilẹ̀ bá tún mì, kí ó má ṣe dá. Ó wà lára ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ní Yúróòpù láti dáàbò bo odindi ìgboro lọ́wọ́ ìmìtìtì ilẹ̀, kò sì sí ohun tí ó hàn sí ojú títì nínú rẹ̀, nítorí pé inú ògiri ni gbogbo rẹ̀ wà.

Láti mọ ohun tí ó ṣòfò, ènìyàn gbọ́dọ̀ gun òkè lọ sí ilé àwọn mọ́ńkì Carmo, tí wọn kò bo òrùlé rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà, tí òpó rẹ̀ ṣì dúró sábẹ́ ojú ọ̀run. Ó sì gbọ́dọ̀ lọ sí ìlà oòrùn ìlú, sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn azulejo, ìyẹn táìlì alámọ̀ dídán tí wọ́n ya àwòrán sí, tí àwọn Pọtogí fi ń bo ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ààfin àti ilé gbígbé. Nínú ilé náà, tí ó jẹ́ ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1509, àwòrán táìlì kan wà tí ó gùn tó nǹkan bíi mítà 23, tí ó fi etí odò Lisbon hàn bí ó ti rí kí ilẹ̀ tó mì: ààfin, ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà àti ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí ó bá rí àwòrán náà kí ó tó rin Baixa yóò rí ìlú méjì lẹ́ẹ̀kan náà; ẹni tí kò bá rí i yóò rí ṣọ́ọ̀bù. Báyìí ni ibi mẹ́ta tí ó jìnnà síra wọn ṣe di ẹyọ ohun kan, tí ó sì gba odindi ọjọ́ kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé àfihàn ìlú a máa fún Baixa ní wákàtí kan péré.

Alfama àti Mouraria, tí ó wà ní abẹ́ ilé olódi São Jorge, ni ọ̀nà wíwọ́ ti ṣẹ́kù. Mùsùlùmí ni ó ń jọba Lisbon fún ọ̀rúndún mélòó kan kí Afonso Henriques, ọba àkọ́kọ́ Pọ́túgàl, tó gbà á ní 1147 pẹ̀lú ìrànwọ́ àwọn jagunjagun àgbélébùú láti àríwá Yúróòpù, Mouraria sì ni ibi tí wọ́n fi àwọn Mùsùlùmí tí ó ṣẹ́kù sí lẹ́yìn odi. Fado, orin arò àti ìrántí tí àjọ UNESCO fi sára ogún aráyé ní 2011, jáde láti irú àdúgbò wọ̀nyí, alẹ́ ni wọ́n sì ń kọ ọ́, tí ó fi jẹ́ pé òru ni ó ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn, kì í ṣe ọjọ́.

Belém, ní ìwọ̀ oòrùn ìlú, gba ìdajì ọjọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń yára, ó sì lè gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ronú. Ibẹ̀ ni Vasco da Gama ti ṣíkọ̀ ní 1497 lọ sí Íńdíà, ibẹ̀ náà ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, nínú ilé àwọn mọ́ńkì Jerónimos tí Ọba Manuel Kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1501 pẹ̀lú owó tí ó ti inú òwò Áfíríkà àti Ìlà Oòrùn wá. Iṣẹ́ òkúta ibẹ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró lé lórí, okùn ọkọ̀, ìkarahun àti ewé tí ọwọ́ oníṣẹ́ gbẹ́ sára òpó bí ẹni pé òkúta kò le. Ère ńlá àwọn awakọ̀ ojú omi tí ó wà létí odò kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. 1960 ni wọ́n kọ́ èyí tí ó wà níbẹ̀ lónìí, ní àkókò ìjọba àfipáṣe Salazar, tí ó ṣì di Àǹgólà àti Mòsáḿbíìkì mú. Àwòrán ayé tí wọ́n fi òkúta tẹ́ síwájú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn láti ọwọ́ ìjọba Gúúsù Áfíríkà ìgbà náà. Àlejò tí ó bá ya fọ́tò níbẹ̀ láìmọ ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ àti ìdí tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ ti gba ohun tí ìjọba náà fẹ́ kí ó gbà.

Ọjọ́ tí ìwé àfihàn kì í yà sọ́tọ̀ ni ọjọ́ Lisbon àwọn ará Áfíríkà, àròkọ yìí sì gbà pé kò sí ọmọ Yorùbá tí ó yẹ kí ó dé Lisbon kí ó má ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni ọkọ̀ Pọtogí dé Ìbìní, tí ọba ibẹ̀ sì rán ikọ̀ padà sọ́dọ̀ ọba Pọ́túgàl. Àwọn Pọtogí kan náà ni wọ́n fún Èkó ní orúkọ Lagos tí gbogbo ayé fi ń pè é. Nígbà tí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún fi dé àárín, nǹkan bí ẹni kan nínú mẹ́wàá tí ń gbé Lisbon ni ó jẹ́ ẹrú, Áfíríkà ni wọ́n sì ti kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní ojúde São Domingos, lẹ́bàá Rossio, níbi tí àwọn ọmọ Guinea-Bissau àti àwọn ará Áfíríkà mìíràn ṣì ń kóra jọ sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú onírósárì, ẹni òmìnira àti ẹrú pa pọ̀, ti fi ṣe ibùjókòó láti ayé àtijọ́, tí wọ́n ń sin òkú ara wọn, tí wọ́n sì ń ra ara wọn padà nínú oko ẹrú. Láti inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí kan náà ni ìpakúpa àwọn tí ó jẹ́ ìran Júù ti bẹ̀rẹ̀ ní 1506, òkúta ìrántí wọn sì wà níta. Ní Alfama, orísun omi tí wọ́n ń pè ní Chafariz d'El-Rei ṣì wà níbi tí ó wà nínú àwòrán ọ̀rúndún kẹrìndínlógún kan, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn dúdú wà, tí àwọn kan ń pọn omi, tí àwọn kan ń wa ọkọ̀, tí ọ̀kan sì gun ẹṣin pẹ̀lú aṣọ ọlọ́lá. Títì Poço dos Negros wà ní ìwọ̀ oòrùn àárín ìlú. Orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí kòtò tí Ọba Manuel pàṣẹ ní 1515 pé kí wọ́n gbẹ́, kí wọ́n lè máa ju òkú àwọn ẹrú sínú rẹ̀, nítorí pé títí di ìgbà náà, ilẹ̀ gbangba ni wọ́n ń jù wọ́n sí. Ilé kọfí àti ilé oúnjẹ ni ó kún ibẹ̀ lónìí.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú kò dé Lisbon; Bahia ní Bràsíl, àti Kúbà, ni wọ́n gbé wọn lọ, pàápàá láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún dé àárín ìkọkàndínlógún. Pombal fúnra rẹ̀ ni ó ṣe òfin ní 1761 pé kí wọ́n má ṣe kó ẹrú wọ ilẹ̀ Pọ́túgàl mọ́, ṣùgbọ́n òfin náà kò kan Bràsíl, ibẹ̀ sì ni òwò náà ń gbà. Síbẹ̀ ipa Lisbon hàn gbangba lára ohun tí àwọn tí wọ́n padà láti Bràsíl mú bọ̀ wálé. Ẹgbẹ́ onírósárì tí ó wà ní São Domingos ní ẹlẹgbẹ́ ní Salvador, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nàgó ti wọ irú rẹ̀. Ọ̀nà ìkọ́lé Lisbon, pẹ̀lú fèrèsé gíga àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ onírin, gba Salvador kọjá dé Pópó Àgùdà ní Èkó àti Porto-Novo ní Bẹ̀nẹ̀, lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ìlú àjèjì. Mọ́sálásí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní Èkó ní 1894, tí João Baptista da Costa kọ́, wà lára iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ará Ìsàlẹ̀ Èkó tí ó bá gbé ojú sókè ní òpópónà Lisbon yóò dá nǹkan mọ̀ kí ó tó mọ ìdí tí ó fi dá a mọ̀, ìdí yẹn sì ni ọjọ́ tí ó yà sọ́tọ̀ yóò fún un.

Ọ̀rọ̀ Sintra kò gùn. Ìlú kékeré orí òkè ni, tí ọkọ̀ ojú irin láti Rossio ń dé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, àwọn ọba Pọ́túgàl sì ti kọ́ ààfin ìsinmi síbẹ̀; èyí tí ó lókìkí jù ni Pena, tí Fernando Kejì kọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ó kùn ní pupa àti ìyeyè. Ọjọ́ kan tó o. Ọjọ́ Ajé ni ó sì dára jù láti lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Lisbon àti Jerónimos máa ń tì lọ́jọ́ Ajé, tí àwọn ààfin Sintra sì máa ń ṣí. Ẹni tí ọjọ́ Ajé bá wà nínú ọjọ́ mẹ́ta rẹ̀, tí kò sì mọ èyí, ti sọ ìdá kan nínú mẹ́ta ìrìnàjò rẹ̀ nù kí ó tó kúrò nílé. Cascais àti etí òkun rẹ̀ kò pọn dandan fún ẹni tí ó ti ilẹ̀ olóòrùn wá.

Ní ti owó, àfikún òru kan kò ní àfikún owó púpọ̀, nítorí pé owó bàálù àti ti físà, tí ènìyàn ti san tán, kò ní yí padà. Láti oṣù Kẹsàn-án 2024 ni ìjọba ìlú Lisbon ti ń gba owó yúrò mẹ́rin lórí òru kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àlejò tí ó ti pé ọdún 13, kò sì kọjá òru méje. Káàdì ìrìnàjò tí ìlú náà ń tà, tí ó ń gba ènìyàn wọ ọkọ̀ àti ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wákàtí ni ó ń kà, 24, 48 tàbí 72, láti ìgbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ lò ó. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọ̀sán yóò lò ó dé ọ̀sán, ìlànà tí ó sì mọ́gbọ́n dání ju ti físà lọ ni.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, òru márùn-ún ni ó yẹ fún ẹni tí ó ń wá sí Lisbon fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ọjọ́ gidi mẹ́rin yóò sì ti inú rẹ̀ jáde: ọ̀kan fún Baixa, Carmo àti àwọn táìlì, ọ̀kan fún Belém, ọ̀kan fún Sintra, ọ̀kan fún São Domingos, Alfama àti Poço dos Negros. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá ni gbogbo ohun tí ó wà, Sintra ni kí ó fi sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ìwé yóò ní kí ó dì mú. Ọjọ́ méjì kò tó. Ohun tí yóò bá ẹni tí ó lo ọjọ́ méjì padà sílé kò ju fọ́tò lọ. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì tí ó bá fẹ́ dé Fátima, níbi tí àwọn ọmọ darandaran mẹ́ta ti jẹ́rìí pé àwọn rí Màríà Wúńdíá ní 1917, gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ kan kún un, nítorí pé bọ́ọ̀sì láti Lisbon a máa gbà tó wákàtí kan àbọ̀, kò sì tọ́ kí ènìyàn máa wo agogo níbi àdúrà.

Àfikún tí ó wúwo jù ni ti ìlú tí ń jẹ́ Lagos ní etí òkun gúúsù Pọ́túgàl, tí wákàtí mẹ́rin ojú irin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà láàárín òun àti Lisbon, pẹ̀lú pípààrọ̀ ọkọ̀ ní Tunes. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ènìyàn Áfíríkà 235 sọ̀kalẹ̀ sí ní oṣù Kẹjọ 1444, tí wọ́n pín wọn lójúde gbangba, tí wọ́n ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára aya àti ọmọ kúrò lára ìyá, tí Ọmọọba Henrique sì jókòó lórí ẹṣin tí ó ń gba ìdá kan nínú márùn-ún tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òwò ẹrú wà níbẹ̀ láti 2016. Ní 2009, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n rí egungun àwọn ará Áfíríkà tí ó lé ní 150 níbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí ìlú sí láyé àtijọ́, àwọn kan nínú wọn ṣì wà ní ipò ẹni tí wọ́n dè lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá lọ tí ó sì padà lọ́jọ́ kan náà yóò lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà lórí ìjókòó ọkọ̀ ojú irin, wákàtí díẹ̀ ni yóò sì kù fún ojúde náà àti fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà òru méjì ni ó yẹ kí ó sùn níbẹ̀, kí ó sì yọ òru méjèèjì láti inú ti Paris tàbí ti ìlú mìíràn tí ó ti fi sínú ètò rẹ̀, bí kò bá lè rí wọn níbòmíràn.